Agolo Dúsà Tí Alhaja Gbé Wá sí Láàbù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí ní Maiduguri. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí mo pa á rẹ́. Tòní yìí, mi ò ní pa á rẹ́.

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé afura ni mí. Bí ẹ bá fún mi lómi mu, màá kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀. Màmá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, mo kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀sì lójú kí n tó sunkún! Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà sì bá ìwà mi mu. Èmi ni mò ń yẹ oúnjẹ ẹran wò ní láàbù yunifásítì kan níbẹ̀. Bí ẹni tó ń sin adìẹ tàbí àgbò bá fura pé nǹkan burúkú wà nínú oúnjẹ tóun rà, á bu díẹ̀ wá fún wa. Èmi á wò ó bóyá oògùn kòkòrò wà nínú ẹ̀, bóyá ó ti bu débi tó lè pa ẹran, tàbí bóyá kẹ́míkà mìíràn tí kò yẹ kó débẹ̀ ti débẹ̀. Iṣẹ́ ìfura tí wọ́n ń sanwó oṣù fún! Kí ni mo tún ń wá?

Gbogbo ìlú náà ló ń fura lásìkò yẹn. Àwọn oníbọ́ǹbù ti da Borno rú. Ṣọ́jà wà ní gbogbo ìyànà, wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà, fóònù ò sì ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ẹnì kan bá gbé báàgì tó wú díẹ̀, àwọn èèyàn á ti máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì fún mi ní Bolori, níbi tí mò ń gbé, lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, kò padà wálé mọ́. Látìgbà náà, ta ni mi ò fura sí?

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Ajílẹ̀ òyìnbó kan wà tí wọ́n ń pè ní yúríà. Ìjọba ti fòfin dè é ní Borno, torí wọ́n ní òun làwọn oníbọ́ǹbù fi ń ṣe bọ́ǹbù. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ṣọ́jà á gbé e lọ, àwọn ẹbí ẹ̀ sì lè má gbúròó ẹ̀ mọ́. Yúríà yìí kan náà làwọn oníjìbìtì kan máa ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran kó lè dà bíi pé oúnjẹ náà lágbára. Bó bá pọ̀ jù, á pa ẹran. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Alhaja Sídí wọlé sí láàbù wa. Ará Ìwó ni, ìyàwó Sájẹ́ńtì Gàníyù, inú bárékè ni wọ́n ń gbé. (Kò tíì dé Mẹ́kà rí o, àmọ́ ta ló jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀!) Obìnrin yìí ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Maiduguri tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Oṣù kan gbáko ni mo fi jẹun nínú ìkòkò ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ á máa da Hausa bò mí, òun á máa túmọ̀ fún mi, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agolo kọ́sítáàdì kan lé tábìlì mi. Ó ní àgbò mẹ́rin tóun ń sìn, méjì ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òkú ǹbete ni, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́, wọ́n kàn gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n ni. Ó ní Mallam Modu ló pa wọ́n.

Ta ni Mallam Modu? Kanuri kan ni, ó ń ta oúnjẹ ẹran ní ọjà Custom. Alhaja ní láti bí oṣù mélòó kan ni ìṣesí ẹ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, á máa bá òun ṣàwàdà. Ní báyìí, bó bá ti rí ìyàwó ṣọ́jà lọ́ọ̀ọ́kán, á sáré ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó ní ó dá òun lójú pé ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan sóúnjẹ òun ni, nítorí iṣẹ́ tí ọkọ òun ń ṣe.

Dúsà ló wà nínú agolo náà, ìyẹn èèrí ọkà tí wọ́n po kúlíkúlí lílọ̀ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní láàbù wa, ìbéèrè mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé oúnjẹ wá: níbo lo ti bù ú? Ta ló bù ú? Kí lo fi bù ú? Ọ̀gá mi kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ti bi ọ̀jọ̀gbọ́n rí. Mo ti bi kọ́nẹ́ẹ̀lì kan rí, inú bí i, mo sì dúró títí ó fi dáhùn. Ṣùgbọ́n Alhaja Sídí? Ìyá tí mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń kí? Kí n wá máa fọ̀rọ̀ wá ẹni tó bọ́ mi lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá? Ojú tì mí. Mo gba agolo, mo ní kí Alhaja padà wá lọ́la. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo wá oògùn kòkòrò, kò sí. Mo wá wá yúríà. Bí a ṣe ń wá a kò le rárá: a ó po oúnjẹ náà mọ́ omi nínú ìgò, a ó da ẹ̀wà sóyà tútù lílọ̀ díẹ̀ sí i, a ó so bébà pupa kékeré kan rọ̀ sókè ẹ̀, a ó sì dé e pa. Bí yúríà bá wà níbẹ̀, atẹ́gùn kan á jáde látinú ẹ̀ tó máa sọ bébà pupa náà di búlúù.

Kí n tó mu tíì mi tán, bébà ti di búlúù!

Mo tún un ṣe. Búlúù. Mo fọ ìgò mìíràn, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Búlúù náà ni. Orí mi wú. Mo rántí oníbúrẹ́dì mi, mo sì ń rò ó pé ọkùnrin kan wà ní Custom tí àpò yúríà wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí gbogbo wa ń kí ní "sannu" láràárọ̀.

Nígbà tí Alhaja padà dé lọ́jọ́ kejì, ó yẹ kí n ní mi ò tíì ṣe é tán. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Mọ́mì, ó jọ yúríà o. Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni." Ẹ gbà mí! Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún ìyàwó ṣọ́jà, tó wá ní kó má sọ? Obìnrin náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀!" Ó ní kí n kọ ọ́ síwèé, kí n fi sítáǹpù lù ú, Sájẹ́ńtì ń dúró dè é.

Mo ṣáà ní ọgbọ́n díẹ̀. Mo ní mi ò ní kọ nǹkan kan títí màá fi lọ bu ti ṣọ́ọ̀bù náà fúnra mi. Ó ní kí n yára.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Custom pẹ̀lú irin oníhò gbọọrọ tí a fi ń gún àpò láti fa oúnjẹ inú ẹ̀ jáde. Mallam Modu rí tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń funfun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo purọ́ fún un pé gbogbo ọlọ́jà oúnjẹ ẹran ni à ń yẹ tiwọn wò. Ó ní "To, madam," pé kò burú, ó bá mi di àpò mú kí n lè ráyè gún un. Àpò márùn-ún ni mo gún. Ó ti rọ̀ jù lójú mi. Mo ń sọ sínú pé ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ kì í rọ̀ tó báyìí. Bó bá sì le, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun kan náà ni mi ò bá sọ?

Mo wá tọ́ka sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ní kó ṣí i.

Ojú ẹ̀ yí padà bìrí. "Ba komai a ciki, madam. Wallahi, ba komai." Ó ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Kò sí nǹkan kan? Kí ni agádágodo tó tó ìkúùkù mi wá ń ṣe lára ẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo yíká bí ológbò. Búrẹ́dì mẹ́ta wà lórí káńtà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Òórùn èéfín ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn náà. Bí mo ṣe ń ronú lórí ìyẹn, nǹkan kan ṣubú nínú yàrá ọ̀hún, pàá! Kíá ni Mallam Modu wúkọ́, ó wúkọ́ títí, bíi pé ikọ́ lè bo ohun tí mo ti gbọ́ mọ́lẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Nígbà tí mò ń padà, mo ya bárékè. Mo dúró ní géètì, wọ́n bá mi pe Alhaja, mo sì sọ fún un pé ọkùnrin náà ní yàrá kan tí kò jẹ́ kí n wọ̀, pé nǹkan ń mira nínú ẹ̀. Ẹ wo ẹnu mi! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe yìí láti kékeré o.

Láàárọ̀ Thursday, mo yẹ oúnjẹ àpò márààrún wò. Pupa. Pupa. Pupa. Ìkankan ò di búlúù.

Ẹ ò mọ ohun tí mo kọ́kọ́ rò? Mo ní, "Àhá, èyí tó ní yúríà ló kó pamọ́ sẹ́yìn!" Èmi afura! Kàkà kí n fura sí agolo, ọkùnrin náà ni mo tún fura sí. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Alhaja ti sọ pé ojú òun ni wọ́n ṣe wọn dúsà náà látinú àpò iwájú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Báwo ni iwájú ṣe mọ́ báyìí? Mo gbé irin mi, mo ní kí n lọ gún àpò tó wà nílé Alhaja fúnra ẹ̀.

Mo bá èrò lẹ́yìn ilé wọn ní bárékè. Àgbò kẹta ti dùbúlẹ̀ látàná, ikùn ẹ̀ wú. Kọ́póró kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn ti sáré dú u kó má baà di òkú ǹbete bíi tàwọn méjì ìṣáájú, wọ́n sì ń la ikùn ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, nylon ló kún ikùn ẹran náà! Nylon dúdú, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, okùn àpò, gbogbo ẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, ó tó bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Kọ́póró ń fà á jáde, kò tán. Ó ní irú ẹ̀ ló ń pa ẹran káàkiri bárékè, torí pàǹtí táwọn èèyàn dà nù ni wọ́n ń jẹ.

Ìgbà náà ni àgbò kẹrin, tí wọ́n fi okùn kúkúrú so mọ́lẹ̀, sún síwájú díẹ̀, ó sì tọ̀. Inú ọpọ́n oúnjẹ ẹ̀ ló tọ̀ sí, táyà tí wọ́n gé sí méjì tí dúsà wà nínú ẹ̀. Ó tọ̀ dáadáa, kò kánjú.

Mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè láti ọjọ́ Tuesday. "Mọ́mì, níbo lẹ ti bu ti inú agolo yẹn?"

Alhaja wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. "Inú ọpọ́n yìí ni. Èyí tí àgbò tó kú jẹ kù ni mo gbọ́n jọ fún ẹ. Ṣé kì í ṣe èyí tó pa á ló yẹ kó o yẹ̀ wò ni?"

Ẹ bá mi dá a lẹ́bi! Kò kúkú jẹ̀bi. Ta ló kọ́ ọ? Èmi tí mo mọ̀ ni mi ò bi í. Yúríà wà nínú ìtọ̀ àgbò, ó wà nínú ìtọ̀ tèmi àti tiyín. Bébà mi ò lè mọ̀ bóyá inú àpò ajílẹ̀ ló ti wá tàbí ara ẹran. Ó rí yúríà, ó di búlúù, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Tèmi ni láti béèrè.

Mo ṣàlàyé fún un. Alhaja ká ọwọ́ lérí. "Fúnmi, Bàbá àwọn ọmọ ti lọ o. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti kó àwọn ṣọ́jà mìíràn lọ sí Custom." Mo ní láìsí ìwé kẹ̀? Ó ní, "Ìwé wo? Mo ti sọ ohun tó o sọ fún wọn."

Fóònù ò sí láti pè wọ́n. A bọ́ síta, a wọ kẹ̀kẹ́. Ní ibi tí ṣọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró, gbogbo èrò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ká gbọ́wọ́ sókè, ká fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaja ń sunkún, ó ń gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà lọ́nà tèmi. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí n bá òkú ọkùnrin yẹn níbẹ̀.

A bá a láàyè. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú iyanrìn níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lórí. Wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èèyàn ti pé jọ bí ìgbà tí wọ́n ń wòran.

Kò sí àpò yúríà kankan nínú yàrá náà. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin ẹ̀ méjì, ọ̀kan á tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìkejì á tó mẹ́jọ. Ẹní wọn wà láàárín àpò dúsà. Ìkòkò wọn ṣì wà lórí iná. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Mallam Modu ni. Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n náà ní abúlé kan lọ́nà Bama, ìyá àtàwọn ọmọ sì fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú. Kí ló dé tó fi wọ́n pamọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé níbẹ̀ lásìkò yẹn mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó bá ti ọ̀nà yẹn wá, àwọn èèyàn á ní ta ló mọ ìyàwó ẹni tó jẹ́ nínú igbó lọ́dọ̀ àwọn oníbọ́ǹbù.

Mo já wọ àárín èrò, mo kúnlẹ̀ síwájú Sájẹ́ńtì. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí yúríà! Ìtọ̀ àgbò ni! Èmi ni mo ṣàṣìṣe, ẹ dákun!" Alhaja sọ ti nylon fún un. Sájẹ́ńtì wò mí, ó wo ìyàwó ẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn tó fọ́. Èèyàn burúkú kọ́ ni o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé Mallam Modu dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn èrò ti rí obìnrin náà. Ẹnì kan ti ń pariwo lẹ́yìn: "Matansu ne!" Ìyàwó àwọn oníbọ́ǹbù ni! Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu ẹ̀. Sájẹ́ńtì bá mi sọ̀rọ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun, pé àṣẹ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ibẹ̀ wá, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bóun bá fi wọ́n sílẹ̀ níbí, ó ní ilẹ̀ lè má ṣú bá wọn láyé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ.

Wọ́n ní kí wọ́n wọkọ̀. Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Wọ́n gbà fún un. Ó sọ ọ́, ó dé e, ó di ọmọ ẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ mú, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ṣọ́jà.

Lẹ́yìn Iléyá, Mallam Modu wá sí láàbù wa. Mo rò pé ó wá ṣépè fún mi ni, mo sì ti gbà pé ó tọ́ sí mi. Kò ṣépè. Ó gbé nylon dúsà kékeré kan kalẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ra ọjà òun mọ́, pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kí n kọ ìwé tóun máa lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹ̀. Bébà pupa ò yí padà. Mo kọ ìwé náà gbọọrọ: kò sí yúríà, kò sí oògùn kòkòrò, kò bu, ó mọ́. Mo buwọ́ lù ú, mo lu sítáǹpù méjì dípò ẹyọ kan.

Ó gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Ó wá fi Hausa béèrè jẹ́jẹ́ bóyá mo lè kọ irú ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun àtàwọn ọmọ ẹ̀. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń gbé oúnjẹ dé géètì ibi tí wọ́n tì wọ́n mọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sọ fún òun pé àwọn ò tíì yẹ̀ wọ́n wò tán.

Bíírò wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mallam, a kì í yẹ èèyàn wò níbí." Ó mi orí. "To, madam. Na gode." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ o! Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sápò, ó lọ. Mo ti ilẹ̀kùn láàbù, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo kúrò ní Maiduguri lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Títí mo fi kúrò, mi ò gbọ́ pé wọ́n dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, mi ò jiyàn. Àmọ́ oògùn ní ìwọ̀n, èmi sì ti lò ó jù. Gbogbo èèyàn ni mo fura sí àyàfi ẹni tí mo fẹ́ràn àti ara mi. Ẹ béèrè o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kúnlẹ̀ bẹ́ ẹ bá máa kúnlẹ̀, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó lanu sọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu yín ti kó bá ẹni tí kò ṣẹ̀ rí? Mo fẹ́ kà á, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí o. Tiyín ni kí ẹ kọ.